Àgò Tí Gbogbo Ènìyàn Gbọ́

Bí ẹnu tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa kìlọ̀ bá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí omi gbígbóná sì bó ẹlòmíràn nítorí ìdákẹ́ náà, ta ni ó bó o? Ṣé omi ni, àbí ẹnu? Mo ti gbé ìbéèrè yìí lọ síwájú Ọlọ́run lórí eékún mi. Mo ti yẹ Ìwé Mímọ́ wò títí ojú fi ń ro mí. Ìdáhùn tí yóò jẹ́ kí n sùn, n kò tí ì rí i. Pé Ọlọ́run wà, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi. Ibi tí ó kọjú sí ní ọ̀sán ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí ni n kò mọ̀. Nítorí náà, màá sọ ọ̀rọ̀ obìnrin náà bí ó ṣe rí, láì bù kún un, láì sì bù kúrò nínú rẹ̀, kí ẹni tí òye rẹ̀ bá ju tèmi lọ bá wa dá a.

Ìyá Àgò ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, orúkọ náà sì tẹ̀lé e délé. Ilé oúnjẹ àwọn ará Éṣíà ni ó ti ń ṣiṣẹ́, irú èyí tí wọ́n ń pè ní ilé àjẹyó: o sanwó lẹ́nu ọ̀nà, o jókòó, o sì ń jẹ títí ikùn yóò fi bẹ̀ ọ́. Wọn kì í gbé oúnjẹ jíjinná síwájú ènìyàn níbẹ̀. Àárín tábìlì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n dá ihò sí, iná gáàsì ń jó nínú ihò náà, ìkòkò ọbẹ̀ sì jókòó lé e, ó ń hó láì sinmi. Wọ́n fi irin pín inú ìkòkò náà sí méjì. Apá kan funfun, omi egungun ni. Apá kejì pupa bí ojú abínú, ata àti òróró ló kún un. Àwọn oníbàárà á lọ bu ẹran tútù tí wọ́n fi ẹ̀rọ rẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á bu edé, akàn, olú àti ewé, wọ́n á máa rì í bọ ọbẹ̀ fúnra wọn, wọ́n á sì máa fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì yọ ọ́. Ẹni tí kò bá mọ igi náà lò, ẹran rẹ̀ á rì sísàlẹ̀ ìkòkò, àwọn ará ilé rẹ̀ á sì bá a yọ ọ́ jẹ, wọ́n á ní àwọn ń ràn án lọ́wọ́.

Ọbẹ̀ tó ń hó kì í pẹ́ gbẹ. Iṣẹ́ Ìyá Àgò nìyẹn: kí ó máa gbé kẹ́tùlù ńlá tí ọbẹ̀ gbígbóná kún inú rẹ̀ kiri láti tábìlì dé tábìlì, kí ó máa fi kún ti ẹni tí tirẹ̀ bá lọ sílẹ̀. Ọ̀nà tó wà láàárín àwọn àga sì há. Òfin méjì ló wà nílé náà. Ti oníbàárà: ohun tí o bá fọwọ́ ara rẹ bù, o gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ tán, nítorí àwọn olójúkòkòrò. Ti òṣìṣẹ́: ẹni tó bá gbé ohun gbígbóná kò gbọdọ̀ gba ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni kọjá láì ké "Àgò o! Ó gbóná o!" Kò sì gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀ títí ẹnìkan yóò fi dá a lóhùn pé "Àgò yà!"

Àwọn òṣìṣẹ́ tó kù máa ń gbàgbé. Ìyá Àgò kì í gbàgbé. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀, ẹnìkan gbé ìkòkò òróró gba ẹ̀yìn rẹ̀ láì sọ̀rọ̀, òróró náà sì bọ́ awọ apá òsì rẹ̀ láti ìgbúnwọ́ dé ọrùn ọwọ́ bí ẹni bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí okùn, á sá. Láti ìgbà náà, ó ń ké àgò débi pé ẹnu rẹ̀ kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ kó tó ṣí. Bó bá gbé tíì kọjá ní pálọ̀ ilé ara rẹ̀, á ké e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àga nìkan ló wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ ìsinmi kan tí wọ́n ní kó bá wọn gbé àwo ọrẹ kiri nínú ìjọ, bó ṣe dé ẹ̀yìn àwọn àgbààgbà, ohùn rẹ̀ là gbàrà: "Àgò o! Ó gbóná o!" Ìjọ rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú wọn. Olùṣọ́ àgùntàn wò ó láti orí pẹpẹ, ó ní, "Arábìnrin, ọrẹ wa ò tí ì gbóná tó bẹ́ẹ̀ o. À ń retí ẹ̀."

Ó ní àbúrò kan, obìnrin. Nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ náà sùn sí, ọwọ́ rẹ̀ ló ti jẹun. Nígbà tó dàgbà, ó fẹ́ ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń pààrọ̀ táyà ọkọ̀. Ọ̀gá Táyà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Arẹwà ọkùnrin ni, ó mọ ènìyàn kí, apá rẹ̀ sì le bí irin tó fi ń ṣí nọ́ọ̀tì. Níta, bí ọmọ kékeré bá ṣubú níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òun ni yóò sáré gbé e. Nínú ilé, ó gé ìrọ́bà inú táyà kan tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi ìṣó kan án mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá. Ìrọ́bà náà kì í dún púpọ̀, àwọn ará ilé kejì kì í gbọ́. Ṣùgbọ́n ibi tó bá bà á wú bí okùn tí wọ́n rán sábẹ́ awọ.

Ó nà án nítorí iyọ̀. Ó nà án nítorí pé ó rẹ́rìn-ín sí tẹlifóònù. Ìgbà kan, ó fi orí rẹ̀ gbá etí kábọ́ọ̀dù títí eyín kan fi bọ́ sínú ọbẹ̀, ó sì ní kó jókòó jẹ ọbẹ̀ náà. Ìyá Àgò gbààwẹ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àwọn àgbà ìjọ. Wọ́n pe ọkùnrin náà, ó dọ̀bálẹ̀, ó sunkún, wọ́n gbàdúrà lé e lórí. Wọ́n sọ fún ìyàwó pé kó ní sùúrù, pé sùúrù ni baba ìwà. Ìrọ́bà náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò bá wọn ṣe àmín.

Nígbà tí oyún àkọ́kọ́ dé, ẹsẹ̀ ni ọkùnrin náà fi lé oyún náà jáde nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin náà sá wá sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láì wọ bàtà, ìka rẹ̀ kan ti yí sẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ ọn nítan. Ìyá Àgò wẹ̀ ẹ́ bó ṣe máa ń wẹ̀ ẹ́ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó fẹ́ gbàdúrà. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kò ju "Olúwa, ṣé Ẹ ń wò ó?" lọ.

Ọ̀gá Táyà kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ó ń rán àwọn àgbà wá, ó ń rán èso wá. Olùṣọ́ àgùntàn ní kí àwọn méjèèjì kàn jókòó jẹun papọ̀, pé ibi tí àwo bá ti pàdé, ọkàn á pàdé. Àbúrò náà ní òun gbà. Ìyá Àgò rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Lọ́dọọdún, ilé àjẹyó náà máa ń ya ọ̀sán kan sọ́tọ̀ tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè mú ẹbí rẹ̀ wá jẹun lọ́fẹ̀ẹ́, tí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ yóò sì máa sìn wọ́n. Ó ní kí wọ́n wá síbẹ̀. Ibẹ̀ mọ́lẹ̀, èrò pọ̀, ojú òun á sì wà lára wọn. Ibi tí ojú bá pọ̀ sí, ó ní, ọwọ́ ọkùnrin náà á wà nínú àpò rẹ̀. Kò rántí pé èéfín ọbẹ̀ ń bo ojú.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, ariwo ilé ìdáná pọ̀. Agé-ẹran, ọkùnrin tó ń ti ẹran dídì bọ ẹ̀rọ tó ń rẹ́ ẹ, ń fi àdá kékeré pa akàn lórí pákó. Akàn ṣì ń jà nígbà tí ó là á sí méjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń wá ilẹ̀ tí kò sí mọ́. Orí ìka kan kò sí lọ́wọ́ Agé-ẹran. Bí wọ́n bá bi í, á ní, "Ẹ̀rọ tọ́ mi wò, ó ní mi ò dùn."

"Ìyá Àgò," ó ní, ó nàka gba ojú fèrèsé tí wọ́n ń gbà gbé oúnjẹ jáde, "ṣé àna yín nìyẹn?"

"Òun ni."

"Ọkùnrin gidi! Ẹ wo bó ṣe ń fa àga fún ìyàwó. Ẹ̀rín náà ò kúrò lẹ́nu ẹ̀."

"Ẹkùn náà máa ń fi eyín hàn."

Agé-ẹran wo ojú rẹ̀, ó rí i pé kì í ṣe àwàdà, ó sì padà sídìí akàn rẹ̀.

Ọ̀gá Táyà ti gbé ìyàwó rẹ̀ sí àga tó wà lẹ́bàá ògiri. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tí kò fi sí bí ọmọbìnrin náà ṣe lè jáde àfi bó bá gba orí rẹ̀. Nígbà tí Ìyá Àgò gbé kẹ́tùlù dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní, ó ké àgò, ọkùnrin náà ló sì kọ́kọ́ dáhùn, tẹ̀rín-tẹ̀rín: "Àgò yà, Àǹtí wa! Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ á máa gbè yín. Ẹ wò ó, mo ní kí ìyàwó mi jẹun, ó ń ṣe bí àlejò."

"Mo ti yó," àbúrò rẹ̀ sọ. Ohùn rẹ̀ kéré.

"O ti yó? Lórí kí ni?" Ọkùnrin náà fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjèèjì yọ ẹran láti inú ọbẹ̀ pupa, ó gbé e lé orí òkìtì tó ti wà nínú àwo ìyàwó rẹ̀. "Àǹtí, ẹ bá mi sọ fún un. Ṣé kì í ṣe òfin ibí ni pé ohun tí wọ́n bá bù, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ tán?"

"Ẹni tó bá bù ú ló máa jẹ ẹ́," Ìyá Àgò dáhùn.

"Háà, Àǹtí! Tọkọtaya kì í ṣe ara kan náà ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Àwọn tó wà ní tábìlì kejì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀.

Ìyá Àgò lọ sí tábìlì mìíràn. Etí rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Ó gbọ́ tí ọkùnrin náà ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tí ń rọ ọmọ: "Jẹ ẹ́. Ọjọ́ tí o sá nílé mi, ṣé o béèrè bóyá mo yó? Jẹ ẹ́. Bí o bá pọ̀ ọ́ síbí, wàá kó o jẹ padà. Tí a bá délé, màá jẹ́ kó yé ẹ bí wọ́n ṣe ń dójú ti ọkọ." Ọmọbìnrin náà ń gbé e mì láì jẹ ẹ́ lẹ́nu. Ata ti jẹ ètè rẹ̀ wú. Omi ń dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé ọbẹ̀ pupa ń mú omi jáde lójú? Ìyàwó ọlọ́pàá kan tó jókòó nítòsí tilẹ̀ ṣe é ní yẹ̀yẹ́: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyàwó! Kì í ṣe ìdíje o."

Ìyá Àgò padà sí ilé ìdáná lọ rọ ọbẹ̀ tuntun sínú kẹ́tùlù. Ó ń hó títí dé etí. Nígbà tó jáde, ó dúró lẹ́yìn tábìlì kẹta sí tiwọn, ó sì wo ọ̀ọ́kán.

Ọ̀gá Táyà ti di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. Ẹni tó bá wò ó láti ọ̀nà jíjìn á rò pé ó fẹ́ fi ẹnu kò ó ni. Ó gbé ọwọ́ náà sókè ọbẹ̀ pupa, ó fi ìgbúnwọ́ rẹ̀ tì í mọ́lẹ̀, ó sì ń rọ̀ ọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìka tó ti yí sẹ́yìn tẹ́lẹ̀ ni ó fi síwájú. Èéfín bo àwọn méjèèjì. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń mi orí sí ẹni tó wà ní tábìlì kejì, ó ń sọ nípa bọ́ọ̀lù. Awọ ẹ̀yìn ọwọ́ ọmọbìnrin náà ti ń pọ́n, ó ti ń dán. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í léròrò. Ọmọbìnrin náà kò ké. Wọ́n ti fi ìrọ́bà kọ́ ọ pé igbe ń mú kí ó pẹ́. Ó kàn gbé ojú sókè, ojú náà sì bọ́ sínú ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ìyá Àgò gbẹ́sẹ̀.

Ó kọjá lẹ́yìn tábìlì kẹta. Ó kọjá lẹ́yìn tábìlì kejì. Ó dé ẹ̀yìn ọkùnrin náà. Ọ̀rọ̀ náà dìde láti inú rẹ̀ bó ṣe máa ń dìde, ó gun ọ̀nà ọ̀fun wá, ó dé ẹ̀yìn eyín. Ó mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Ó gbọ́ adùn rẹ̀ lórí ahọ́n. Ó sì pa ètè dé mọ́ ọn.

Ó tún mọ ohun mìíràn: àwo ẹran tó wà níwájú ọkùnrin náà ti ṣófo. Ẹni tí àwo rẹ̀ bá ṣófo nílé àjẹyó, ó fẹ́ dìde ni.

Ọ̀gá Táyà jọ̀wọ́ ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ti àga sẹ́yìn, ó sì nàró lójijì. Èjìká rẹ̀ gbá ìdí kẹ́tùlù. Ọmọrí fò. Gbogbo ọbẹ̀ náà, pẹ̀lú òróró tó léfòó lójú rẹ̀, dà sí i lọ́rùn, ó gba inú kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ wọlé, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀yìn.

Igbe tó ké kì í ṣe igbe ènìyàn. Ó yí, ó ya ẹ̀wù rẹ̀, awọ sì tẹ̀lé aṣọ. Awọ etí rẹ̀ ká bí ewé tí iná rà. Ó fi apá gbá ìkòkò orí tábìlì, ìkòkò náà dojú dé, ọbẹ̀ pupa ṣàn lọ sórí ẹsẹ̀ àwọn tó jókòó, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, wọ́n ń gun àga, wọ́n ń yọ̀ nínú òróró, wọ́n ń ṣubú lé àwo tó fọ́. Ìgbúnwọ́ rẹ̀ bá ìyàwó rẹ̀ lójú, orí ọmọbìnrin náà sì gbá ògiri. Lẹ́yìn náà ni ó rí Ìyá Àgò. Ó fò mọ́ ọn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fún un lọ́rùn, ó gbé e kúrò nílẹ̀, ó ń fi orí rẹ̀ gbá òpó. Ìyá Àgò rí ojú rẹ̀ nítòsí, ó rí i pé ẹ̀rín náà kò tí ì kúrò tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Kò jà. Ilẹ̀ ti ń ṣú lójú rẹ̀ nígbà tí Agé-ẹran fi tiréè irin lu ọkùnrin náà ní orúnkún, ó tún fi lù ú lẹ́yìn ọwọ́, kí ìka rẹ̀ tó tú. Wọ́n fi aṣọ tábìlì wé e. Ó ń gbọ̀n, ó ń pe ìyá rẹ̀.

Màdáámù tó ni ilé oúnjẹ náà kó gbogbo wọn jọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, ọlọ́pàá méjì sì dúró tì í. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wọ́n: "Ṣé ó ké àgò?"

"Ìyá Àgò kẹ̀?" Agé-ẹran fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú. "Màdáámù, ẹ bi mí bóyá àkùkọ kọ láàárọ̀. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi méjèèjì. Èmi gan-an ni mo dáhùn 'Àgò yà' láti inú ilé ìdáná."

Ẹni tó ń fọ àwo gbọ́ ọ. Àwọn tó jókòó ní tábìlì kejì gbọ́ ọ. Ìyàwó ọlọ́pàá náà gbọ́ ọ, ó tilẹ̀ fi ohùn Ìyá Àgò sín in jẹ: "Ó gbóná o!" Àbúrò rẹ̀, tí wọ́n ń fi báńdéèjì wé lọ́wọ́, mi orí pé òun gbọ́. Ìyá Àgò wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó ń purọ́ nínú wọn. Wọ́n ti gbọ́ àgò náà lẹ́nu rẹ̀ lójoojúmọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí etí wọn fi bá a ké èyí tí kò ké. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ọ̀fun rẹ̀ ti wú, ohùn kò jáde. Màdáámù ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ṣé ẹ ò rí ọrùn rẹ̀ ni?" Nígbà tí ohùn rẹ̀ fi máa padà, kò sí ẹni tó ń béèrè mọ́.

Kí ló tún wá kù? Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, tí ó dojú bolẹ̀ nítorí ẹ̀yìn rẹ̀, Ọ̀gá Táyà sọ fún ọlọ́pàá pé òun náà gbọ́ ọ. "Ó ké e. Mo gbọ́. Èmi ni mi ò yà."

Nínú ìjọ, orin ìṣẹ́gun ni. Wọ́n ní Ọlọ́run ti jà fún ọmọ aláìníyàá. Wọ́n jó yí Ìyá Àgò ká. Ó ń pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ń bi í léèrè pé: bí Ọlọ́run bá fẹ́ jà, ṣé kò rí ìrọ́bà yẹn kó jó o lẹ́yìn ilẹ̀kùn? Ṣé kò rí ọjọ́ tí eyín bọ́ sínú ọbẹ̀? Kí ló dé tó fi dúró di ọjọ́ tí kẹ́tùlù wà lọ́wọ́ òun?

Síbẹ̀, àlàáfíà wá. Ọmọbìnrin náà ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó rí iṣẹ́ sí ilé ìránṣọ, ó sanra, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nínú balùwẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ jinná, ó kù àpá.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, Ọ̀gá Táyà wọ ìjọ wa. Ọrùn rẹ̀ ń dán bí ọ̀rá, ó sì ti fà mọ́ èjìká tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè yíjú láì yí gbogbo ara. Ó gba makirofóònù. Ó ní Ọlọ́run ké àgò fún òun láti ẹnu ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀, òun gbọ́, òun sì ṣe agídí, iná sì jó òun. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, kò sí ẹni tí Ọlọ́run kì í kìlọ̀ fún!" Ìjọ sunkún. Èmi náà sunkún, mi ò ní parọ́. Nígbà tí mo nu ojú, mo rí Ìyá Àgò tó di àga iwájú rẹ̀ mú bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó fẹ́ dojú dé. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ wà, ojú ọmọ náà ń tàn.

Nígbà tí àbúrò náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa aṣọ rẹ̀ sínú báàgì láti padà sílé ọkọ, ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀.

"Àǹtí mi, Ọlọ́run ti yí i padà. Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ."

"Ìrọ́bà ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ńkọ́?"

"Ó ní òun ti sun ún."

"Ṣé o rí eérú ẹ̀?"

"Àǹtí! Ẹ̀yin lẹ ké àgò fún un. Ọlọ́run lo ẹnu yín. Ṣé ẹ̀yin ni kò wá ní gbà á gbọ́?"

Ìyá Àgò jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì náà. Ìdákẹ́ kìíní ti jó ọkùnrin náà. Ó wá yé e pé ìdákẹ́ kejì ni yóò jó ọmọ tí òun pọ̀n. Ṣùgbọ́n bó bá sọ òtítọ́, kí ni ìrònúpìwàdà ọkùnrin náà yóò dúró lé? Àbí ṣé ó tọ́ kí ènìyàn yọ àkàbà kúrò lábẹ́ ẹni tó ń gun ọ̀run lọ, kìkì kí ó lè mọ̀ bóyá ó lè fò? Kò sùn lórí rẹ̀. Kò sì sọ fún àbúrò rẹ̀.

Èmi tí a jọ ń jọ́sìn ni ó wá bá. Ó kágò lẹ́nu ọ̀nà mi bí ó ti máa ń ṣe. Ó jókòó, ó ro gbogbo rẹ̀ fún mi bí mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ yìí, kò sunkún. Mo bi í bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Ọwọ́ mi ò dà á, Ẹ̀gbọ́n. Ẹnu mi ló mọ̀ọ́mọ̀."

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìtùnú, àwọn èyí tí mo mọ̀ sórí. Ó gbọ́wọ́ sókè dá mi dúró.

"Lọ́la ni ọmọ náà fẹ́ kó lọ," ó ní. "Èmi ni màá gbé báàgì ẹ̀ débẹ̀. Tí a bá ti jókòó, màá sọ fún ọkùnrin náà, níṣojú ìyàwó ẹ̀, pé ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀ fún un lọ́jọ́ yẹn. Pé mo dákẹ́ ni. Tí Ọlọ́run bá ti yí i padà lóòótọ́, á jókòó síbi tó jókòó sí. Á sunkún, á bú mi, á pe ọlọ́pàá, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni, màá tẹ̀lé wọn. Ṣùgbọ́n tí kò bá tí ì yí padà, èmi ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára, kì í ṣe ọmọ mi."

"Ó lè pa ọ́," mo ní.

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn." Ó sún mọ́ mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa lọ. Ẹ jókòó ti àbúrò mi, kí ẹ di ọwọ́ ẹ̀ mú. Tí ọkùnrin náà bá dìde sí mi, ẹ má dá sí èmi. Ọmọ náà á fẹ́ gbójú kúrò. Ẹ má jẹ́ kó gbójú kúrò."